Ìyá Olóǹtẹ̀ àti Lẹ́tà Kan Ṣoṣo Tí Wọ́n Dáhùn

Inú ilé oníyàrá méjì kan lẹ́yìn ọgbà rélùwéè ni wọ́n ti bí màmá wa, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta, ọdún 1941. Bàbá wọn ló ń ṣí ọ̀nà fún ọkọ̀ ojú irin, tó sì ń tì í. Ìyá wọn ń fọṣọ fún àwọn nọ́ọ̀sì. Ìdílé òṣìṣẹ́ ni wọ́n ti wá, a ò sì tijú láti sọ ọ́: láti orí bàbá bàbá wọn tó wà lára àwọn tó la ọ̀nà rélùwéè náà, kò sí olóyè níbẹ̀, kò sì sí ọ̀lẹ. Ọmọ kẹta ni Màmá nínú ọmọ mẹ́jọ, àwọn nìkan ṣoṣo sì ni obìnrin. Nínú ilé tí ọkùnrin méje ti ń du àga mẹ́rin, ẹni tó bá lẹ́nu ló ń ríbi jókòó. Màmá lẹ́nu.

Ní ọdún 1947, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orí wọn pé, àmọ́ nígbà tó yá, àwọn ọkùnrin ni wọ́n ní kó máa bá ìwé lọ. Màmá ò dárí èyí ji ẹnikẹ́ni títí wọ́n fi dàgbà. Ní ọdún 1956, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ taipù. Oṣù mẹ́sàn-án ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi kọ́ ọ, oṣù márùn-ún ni Màmá fi kọ́ ọ. Wọ́n sọ èyí fún wa títí a fi mọ̀ ọ́n sórí. Bí wọ́n bá ń ronú, ìka wọn á máa tẹ orí tábìlì láìmọ̀.

Ní ọdún 1961, ìjọba gbà wọ́n síṣẹ́ ní ọ́fíìsì ọgbà ẹ̀wọ̀n. Yàrá fáìlì ni wọ́n fi wọ́n sí: fèrèsé kan tó ní irin, kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́fà, àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dọ́gba, àti òǹtẹ̀ onírọ́bà kan. Lẹ́tà tó bá wọlé, òfin ní kí wọ́n lù ú lóǹtẹ̀, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà, kí wọ́n sì kọ̀wé sí ẹni tó fi í ránṣẹ́, kí ọjọ́ méje tó pé, pé ó ti dé. Màmá fẹ́ràn òfin yìí bí ẹlòmíràn ṣe fẹ́ràn oúnjẹ. Àwọn wọ́dà ló sọ wọ́n ní Ìyá Olóǹtẹ̀.

Ní ọdún 1965, wọ́n ṣègbéyàwó pẹ̀lú bàbá wa, tó ń tún aago ṣe. Bàbá máa ń sọ pé kò sí ohun tó ṣe aago tí Màmá kọ́kọ́ gbé wá, pé èèyàn ni wọ́n ń wá. Màmá á ní irọ́ gbuu ni. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ.

Ọdún 1977 ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó wà níbí mọ̀ wọ́n mọ́ ṣẹlẹ̀. A fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí, torí àhesọ ti pọ̀ jù. Ní oṣù kejì ọdún náà, wọ́n wá mú tíṣà kan nínú kíláàsì, nítorí ó kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn pé ẹrù ń wó pa àwọn òṣìṣẹ́ èbúté. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó lọ sílé iṣẹ́ mínísítà. Èsì kan náà ni wọ́n fún un níbi méjèèjì: kò sí lọ́dọ̀ wa. Ni ó bá ń wá jókòó síwájú géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n láràárọ̀ kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Iwájú rẹ̀ ni Màmá ń gbà kọjá wọṣẹ́.

Aránṣọ yìí kò mọ ẹnikẹ́ni nílé ìjọba. Ẹgbẹ́ àwọn tíṣà ní orílẹ̀-èdè tó múlé gbè wá ló kọ̀wé sí, torí ọkọ rẹ̀ ti bá wọn ṣèpàdé rí. Àwọn yẹn kọ̀wé sí àwọn kan lókè òkun, tí wọ́n máa ń pawọ́ pọ̀ kọ lẹ́tà sí ìjọba yòówù tó bá ti èèyàn mọ́lé láìṣẹ̀. Kì í ṣe èèyàn ńláńlá ni wọ́n: awakọ̀ bọ́ọ̀sì, akẹ́kọ̀ọ́, obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì. Lẹ́tà mẹ́ta ló kọ́kọ́ dé yàrá fáìlì Màmá. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, àpò ni wọ́n fi ń kó wọn wá. Mínísítà ti sọ lórí rédíò pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n kankan, nítorí náà ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n pàṣẹ pé kí wọ́n da gbogbo lẹ́tà náà sínú páálí lábẹ́ àtẹ̀gùn, kí ẹnikẹ́ni má dáhùn ẹyọ kan.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, ìdáhùn kan jáde láti yàrá fáìlì lọ sọ́dọ̀ obìnrin oníbúrẹ́dì. Gbólóhùn kan péré ni: a ti rí lẹ́tà yín gbà nípa ẹlẹ́wọ̀n nọ́ńbà 214, a sì ti fi í sínú fáìlì rẹ̀. Òǹtẹ̀ wà nísàlẹ̀ ketekete.

Ẹ jẹ́ ká jọ rò ó. Kí ni oníbúrẹ́dì fẹ́ fi ìjọba wa ṣe? Kì í dìbò níbí. Àmọ́ aṣòfin àdúgbò rẹ̀ ń fẹ́ ìbò rẹ̀. Ó gbé ìwé náà tọ aṣòfin lọ, aṣòfin kà á sétí gbogbo ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, mínísítà wọn sì bi mínísítà tiwa níwájú àwọn oníròyìn, lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì fẹ́ tọwọ́ bọ àdéhùn èbúté tuntun, pé ta ni 214. Kò pé ogún ọjọ́ tí wọ́n “rí” tíṣà. Ó ti rù kan egungun, àmọ́ ó wà láàyè.

Àwọn kan ní ìtìjú ni, pé àjèjì ló ń bá wa tún ilé wa ṣe. Màmá kì í bá wọn jiyàn. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé obìnrin tó wà lẹ́nu géètì, tí kò jìnnà ju ogún ìṣísẹ̀ lọ, kò rẹ́ni dá a lóhùn. Ó di dandan kí ohùn rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ, kó sì wọ̀ ọ́ bọ̀, kó tó wọlé.

Nígbà tí wọ́n pe Màmá síwájú ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà, Màmá ní àṣìṣe ni, pé lẹ́tà náà bọ́ sáàárín àwọn lẹ́tà mìíràn tí àwọn ń dáhùn. Wọ́n lé wọn níṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1978, láìsí owó ìfẹ̀yìntì. Lọ́jọ́ kẹrin, Bàbá mú pákó àti òòlù, wọ́n pín ṣọ́ọ̀bù aago sí méjì, wọ́n gbé tábìlì taipù sí apá kan. Ibẹ̀ ni Màmá ti kọ̀wé fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n fún àwọn tó ń wá èèyàn wọn. Wọ́n sì kọ̀wé sí ìjọba orílẹ̀-èdè oníbúrẹ́dì náà pẹ̀lú, nígbà tí wọ́n ti awakọ̀ ojú omi kan mọ́lé lọ́hùn-ún. Màmá ò ní ìwé ìrìnnà rí láyé wọn.

Nínú ìgbàgbọ́, ẹgbẹ́ akọrin ni wọ́n wà láti ọdún 1980. Ọ̀gá akọrin tó bá pẹ́ dé ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ó mọ ohun tó máa gbọ́.

Bàbá ti ṣáájú wọn lọ ní ọdún 2009. Màmá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹrin oṣù yìí, ọdún 2024, ní ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀ lọ: nọ́ọ̀sì, awakọ̀, tíṣà, àti àbíkẹ́yìn tó jogún aago, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti àtọmọdọ́mọ méjì.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, Màmá fúnra wọn ló sì ní kí á kọ ọ́. Lórí ibùsùn àìsàn, wọ́n sọ fún wa pé ìdáhùn yẹn kì í ṣe àṣìṣe. Ogójì ọdún la ti fi ń bá ara wa jiyàn lé e. Wọ́n ní ṣùgbọ́n kí á má torí ẹ̀ pe àwọn ní akọni. Láràárọ̀, fún odindi oṣù mẹ́fà, ni aránṣọ ń kí wọn, tó ń bi wọ́n pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ṣé ọkọ mi wà níbẹ̀?” Láràárọ̀ ni àwọn ń wolẹ̀, tí àwọn ń sọ pé, “Mi ò mọ̀ o, àbúrò mi.” Fáìlì rẹ̀ sì wà lórí tábìlì wọn. Wọ́n ní irọ́ ni àwọn pa, kí á kọ ọ́ síbẹ̀, kí aránṣọ rí i.

Aránṣọ ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún báyìí. A gbé ìwé yìí lọ bá a nílé lẹ́yìn ikú Màmá, kó má baà bá a lójijì nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí á má yọ nǹkan kan kúrò. Ó wá ní, “Ìyá yín ò mọ irọ́ pa. Àwọn wọ́dà ń wojú mi korokoro bí wọ́n bá ní kò sí. Òun nìkan ló ń wolẹ̀. Ọjọ́ kejì ni mo ti mọ̀ pé ọkọ mi wà níbẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo kọ̀wé sí àwọn tíṣà pé ọgbà ẹ̀wọ̀n yìí ni kí gbogbo wọn máa kọ lẹ́tà sí.”

Ọ̀rọ̀ yìí ò dé etí Màmá kí wọ́n tó lọ, ó dùn wá wọra. Màmá, ẹ gbọ́ ọ níbi tí ẹ wà: aránṣọ ti gba ìdáhùn yín láti ọjọ́ kejì. Ẹ má wolẹ̀ mọ́. Ẹ sùn ire.