Òórùn Epo Nínú Kànga Mi

Ajé, 17/2/2025
Ọ̀gágun Ojú Omi tún bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Adélaní, aládùúgbò mi — èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, òun ò mọ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe, ní Arakale l'Àkúrẹ́ níbí, níbi tí omi tó ń ṣàn ò ju ti gọ́tà lọ. Àwọn ará Ìgbókòdà tó wà létí omi ló ń kó o wá fún un. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Á so ẹ́ńjìnnì mọ́ pákó, á ki ìdí rẹ̀ bọ inú dúrọ́ọ̀mù olómi, á tàn án wò. Èéfín á gba orí fẹ́ǹsì wá bá ọbẹ̀ mi.

Ọjọ́bọ̀, 20/2
Omi kànga ń rùn. Mo rò pé gúgà tí mo fi ń fà á ni. Mo ra tuntun. Ó ṣì ń rùn.

Ẹtì, 21/2
Mo bu omi náà sínú abọ́ funfun, mo gbé e sínú oòrùn. Awọ tín-ín-rín kan léfòó lójú rẹ̀, aláwọ̀ òṣùmàrè. Látìgbà wo ni mo ti ń mu ún?

Mo pe Ọ̀gágun. Ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó gbóòórùn rẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà. Mo ní níbo ló ń da omi dúrọ́ọ̀mù sí? Ó ní gọ́tà ni tẹ́lẹ̀, àmọ́ Alága ẹgbẹ́ onílé ní kó má ba gọ́tà jẹ́ mọ́, kó gbẹ́ kòtò. Ó gbẹ́ ẹ. Ẹ̀yìn fẹ́ǹsì mi gan-an. Omi dúrọ́ọ̀mù, ọ́ìlì, bẹntiróòlù tó fi ń fọ kabúrétọ̀ — ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ látọdún tó kọjá. "Màmá Tíṣà, mo rò pé ilẹ̀ á mu ún ni."

Ilẹ̀ mu ún lóòótọ́. Èmi náà sì mu ún.

Àbámẹ́ta, 22/2
Inú rírun. Bóyá ẹ̀rù ni. Bóyá epo ni.

Ajé, 24/2
Mo lọ bá Alága — Olú-Gọ́tà nínú ìwé yìí, torí gọ́tà ni iṣẹ́ tí Ọlọ́run rán an. Kóòtù ló wọ̀ nínú ooru yìí. Ó ní gọ́tà wa ló mọ́ jù ní gbogbo Àkúrẹ́, kí n wo bó ṣe ń dán. Mo ní kànga mi náà ń dán, Alága. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á gbé ìgbìmọ̀ dìde. Kí n ṣì máa da álọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tòrò omi sí i.

Bí ìgbìmọ̀ bá ń gba ẹ̀mí là ni, kò sẹ́ni tí ì bá tíì kú ní Àkúrẹ́.

Ọjọ́rú, 26/2
Mo wọkọ̀ lọ Oǹdó, lọ wá Oríọlá tó gbẹ́ kànga náà nígbà tí bàbá àwọn ọmọ mi ṣì wà láyé. Ó ti hewú, ó ṣì ń wọ kànga. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta wá kó ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀. Mo ní ó ń rùn o, epo ni. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá, kànga wo ni kì í rùn? Àtùpà mi ló máa kọ́kọ́ wọlé. Tó bá kú, afẹ́fẹ́ ò sí níbẹ̀, mi ò wọ̀ ọ́. Tó bá ń jó, mo wọ̀ ọ́." Bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ kọ́ ọ.

Ọkàn mi balẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ń ṣọ́ra.

Ẹtì, 28/2
Lọ́sàn-án yìí mo fi omi kànga ṣan àgbàlá, torí n kò lò ó fún nǹkan mìíràn mọ́. Ó ṣàn dé ìdí ààrò eléèédú. Iná búlúù kan dìde, ó tọ ipa omi padà wá bí alángbá, títí dé ìtòsí ẹsẹ̀ mi — ó kú. Mo di pákó síbẹ̀.

Àtùpà! Oríọlá máa na àtùpà tó ń jó sínú kànga yẹn, á sì na ọrùn wò ó.

Mo pè é. Fóònù rẹ̀ kò lọ. Mo pè, mo pè. Olúwa, má jẹ́ n fi ọwọ́ ara mi pe bàbá yẹn wá kú.

Àbámẹ́ta, 1/3
Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mo ti jókòó sórí ìdérí kànga, bí adìẹ tó ń sàba. Oríọlá dé, àtùpà ti ń jó lọ́wọ́ rẹ̀ láti ẹnu géètì. Olú-Gọ́tà tẹ̀ lé e, tòun ti kóòtù, ó ní òun wá ṣojú ìgbìmọ̀.

Oríọlá ní kí n dìde. N kò dìde. Mo ní kó pa àtùpà. Ó ní ta ló ń kọ́ ta níṣẹ́ níbí? Ọ̀gágun, tí mo ti sọ fún lálẹ́ àná, fo fẹ́ǹsì wọlé, ó gba àtùpà, ó fẹ́ ẹ pa. Ó da omi kànga tó kù nínú korobá sílẹ̀ lókèèrè, ó ju ẹyin iná sí i. Iná gbà á gbì!

Oríọlá rọra jókòó sórí ilẹ̀. Ó ní ọ̀dọ̀ ta ni omi abẹ́ ilẹ̀ yìí ń ṣàn gbà lọ?

Gbogbo wa yíjú sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó lọ sí Ọjà Ọba. Ilé tó kàn, ti Olú-Gọ́tà ni. Èéfín ń rú lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń dín àkàrà.

A sáré. Èmi náà sáré, èmi àti orúnkún yìí. Bàtà Olú-Gọ́tà kan kù sínú gọ́tà tó ń dán. Ó ń pariwo: "Pa iná! Bu omi pa á!" Ìyàwó rẹ̀ ti gbé korobá omi kànga sókè. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Òórùn náà ni. Òórùn náà gan-an.

Yẹ̀ẹ̀pẹ̀ la fi pa iná náà. Olú-Gọ́tà bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi bo ẹnu kànga. Kò dárúkọ ìgbìmọ̀.

Ọ̀gágun àti Oríọlá ń kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé, pé kí wọ́n má dáná nítòsí kànga. Orúnkún mi kọ̀. Wọ́n dá mi padà sílé. Ojú fèrèsé ni mo jókòó sí, mo ń wo ọ̀nà ọjà.

Èéfín mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ rú nísàlẹ̀, nílé tí wọn ò tíì kàn dé.