Ẹsẹ̀ Bàbá Rẹ Tó Ń Sùn

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara, báwo ni iṣẹ́, ṣé ò ń sùn dáadáa, ṣé o sì ń jẹun lásìkò? Ọlọ́run tó mú ọ dé ilé ìwòsàn tí ẹ ti ń kọ́ṣẹ́ yẹn ò ní jẹ́ kí ó sú ọ. Àlàáfíà la wà, àfi ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá rẹ tó ṣì ń sùn láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n.

Mo sọ fún ìyá télọ̀ tó múlé tì wá pé iléèwé ti pín yín sí ilé ìwòsàn láti máa kọ́ àwọn aláìsàn ní ìrìn. Ó ní àwọn ọmọṣẹ́ òun, àkísà ni wọ́n kọ́kọ́ ń rán kí wọ́n tó fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà, ó wá bèèrè bóyá àwọn aláìsàn tó ti gbó ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó fún yín. Jọ̀ọ́, bá mi bi ọ̀gá rẹ.

Lọ́jọ́ tí o ní kí n gbé fóònù síbi tí wàá ti rí ẹsẹ̀ náà, mo gbé e lé orúnkún wọn, mo fi gèlè mi dì í pinpin kí iṣẹ́ rẹ lè wọlé dáadáa. O ní òkùnkùn lò ń rí. Mo sọ fún bàbá rẹ pé o ti wo inú ẹsẹ̀ náà, òkùnkùn ló wà níbẹ̀. Wọ́n fa aṣọ bo ẹsẹ̀ náà.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń lá àlá kan. Wọ́n ní àwọn ń rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tó funfun bíi kùrukùru, ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀ bí òwú, ẹnì kan sì ń fẹ̀yìn rìn níwájú àwọn, ó na ọwọ́ méjèèjì, àmọ́ kò di àwọn mú. Bí wọ́n bá jí, wọ́n á máa wo ẹsẹ̀ wọn bí ẹni ń wo àlejò.

Lánàá tí o pè, tí ò ń sunkún pé ọ̀gá rẹ ní o máa ń di aláìsàn mú jù, o ò jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn gbé ara wọn, pé bóyá kí o kúkú fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí o máa ta aṣọ, bàbá rẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀, torí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń mú ohùn fóònù yẹn wálẹ̀. Wọ́n kàn kọjú sí fèrèsé.

Ní àárọ̀ yìí, oòrùn rọra wọ yàrá bí ẹni tí kò fẹ́ jí wa. Wọ́n ní kí n gbé àwọn dìde, kí n sì fi àwọn sílẹ̀. Mo ní wọ́n á ṣubú. Wọ́n ní ṣé mi ò gbọ́ ohun tí ọ̀gá rẹ sọ ni. Ni mo bá ń fẹ̀yìn rìn níwájú wọn bí mo ti ṣe nígbà tí ìwọ náà ń kọ́ ìrìn, mo na ọwọ́ méjèèjì, mi ò dì wọ́n mú. Ẹsẹ̀ yẹn ń wọ́ nílẹ̀, ó ń dúró, ó tún ń wọ́. Ẹ̀yìn mi ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn.

Òógùn bo ojú wọn. Wọ́n ní kí n kọ̀wé sí ọ pé aláìsàn tìrẹ ti dé ẹnu ọ̀nà, kí o má kúrò níbẹ̀.

Jọ̀ọ́, bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra bàtà tí kì í yọ̀ fún wọn. Má fi ránṣẹ́ sórí fóònù mọ́ o. Èyí tí o fi ránṣẹ́ níjelòó, mo tú ẹ̀yìn fóònù títí, bátìrì nìkan ni mo bá.

Ibi tí ọwọ́ rẹ bá kàn, ìrora á kúrò níbẹ̀. Wàá ṣe é yọrí, ojú wa á sì rí i.

Èmi ni ìyá rẹ. Mo ti gbé àga lọ bá bàbá rẹ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé ọmọ àwọn ló kọ́ àwọn ní ìrìn.