Igi Tí Kò Ní Ìlẹ̀kẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Keje 2025
Bàámi wá láti Mafoluku sí ọ̀dọ̀ mi ní Jákàńdè, igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù sínúkà lórí tábìlì wà lábẹ́ abíyá wọn. Wọ́n fi aṣọ wé e bí ọmọ tuntun. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ti ń gbọ̀n, kí n bá àwọn tà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Owó kọ́ ni wọ́n ń wá o. Wọ́n fẹ́ kí n kọ ọ́ síbẹ̀ kí gbogbo ayé rí i: Àyànníyì ló gbẹ́ ẹ fún àwọn.

Àyànníyì — káfíńtà Mafoluku, ó ti kú. Igi rẹ̀ làwọn tó ń kó igi sínúkà jọ ń wá báyìí, wọ́n ń gbé e kọ́ ògiri. Mo ti ta púpọ̀. Gbogbo wọn ló ní ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan nídìí. Èmi gan-an ni mo kọ́ àwọn oníbàárà pé ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ni kí wọ́n máa wò. Mo yẹ ìdí ti Bàámi wò. Kò sí ìlẹ̀kẹ̀. Mo wé e padà.

Ọjọ́rú, 9
Òjò. Àwọn oníbàárà béèrè iye àwọn igi mi yòókù, kò sẹ́ni tó rà.

Ọjọ́ Ẹtì, 11
Bàámi pè: ṣé mo ti gbé e síta? Mo ní ẹ má bínú, igi yín ò ní ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n ní ìlẹ̀kẹ̀ wo? Mo ṣàlàyé. Wọ́n kàn ní: "Ọ̀rẹ́ mi ni, Rodiat." Wọ́n gé ìpè.

Kí ni kí n wá ṣe? Orúkọ rere ni mo fi ń jẹun. Bí mo bá tìtorí Bàámi parọ́ lónìí, ta ni yóò gbà mí gbọ́ lọ́la? Ọjà ò mọ bàbá ẹnì kankan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12
Mo gbé e síta. Mo ya fídíò bó ṣe ń yí lórí tábìlì — kò mì rárá, kò tẹ̀ níbì kankan. Mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀: igi àtijọ́, ó dáa fún gbígbá, kì í ṣe ti Àyànníyì. Bàámi ò mọ fóònù lò débẹ̀, àmọ́ Dọ̀tun àbúrò mi ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ẹnu Dọ̀tun ò ní ìlẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15
Ó ti lọ. Ọmọkùnrin kan ní Ìṣọlọ̀ ló rà á. Dín-in-kù ni mo sọ ọ́ — ó ná an bí ẹni ń ná àgbò iléyá. Mo sọ fún Bàámi. Wọ́n ní ó dáa. Mo ní owó ńkọ́? Wọ́n ní kí n fi ra bisikíìtì fún àwọn ọmọ mi.

Ọjọ́bọ̀, 17
Bàámi ò gbé ìpè mi.

Ọjọ́ Àìkú, 20
Ìyá Bólúwatifẹ́ pè, ìyàwó olóògbé Àyànníyì. Ọmọ wọn ló fi ohun tí mo kọ hàn wọ́n. Wọ́n ní ta ló sọ fún mi pé igi Bàbá Rodiat kì í ṣe ti ọkọ àwọn? Ìṣojú àwọn ló ti gbẹ́ ẹ, Bàámi jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń pa ara wọn lẹ́rìn-ín. Mo ní ìlẹ̀kẹ̀ ńkọ́? Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi, ti ọjà nìyẹn. Kí oníbàárà má baà sọ pé ẹlòmíràn ló gbẹ́ ẹ. Ta ló ń sàmì sí ohun tó fún ọ̀rẹ́ ẹ̀?"

Wọ́n ní ẹyọ kan yẹn ṣoṣo ló gbẹ́ tí kò fi ìlẹ̀kẹ̀ sí.

Háà. Ojú tì mí. Mo pe Dín-in-kù, kò gbé e.

Ọjọ́ Ajé, 21
Igi Bàámi tún ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Dín-in-kù ló gbé e síta. Ó ti lu ihò sí ìdí ẹ̀, ó ki ìlẹ̀kẹ̀ pupa bọ̀ ọ́, ó ní ojúlówó Àyànníyì ni. Olórí burúkú! Ta ló kúkú kọ́ ọ, bí kì í bá ṣe èmi? Àwọn èèyàn ń pè mí lábẹ́ ẹ̀: Àǹtí Onígi, ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò, ṣé òótọ́ ni?

Mo kọ èsì, mo pa á rẹ́. Mo tún kọ ọ́: igi yẹn, ti Àyànníyì ni. Ìlẹ̀kẹ̀ yẹn, ayédèrú ni. Èmi ni mo ṣàṣìṣe.

Wọ́n fi mí ṣẹ̀sín títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ra igi náà padà. Èmi ni mo wá ń bẹ Dín-in-kù pé kó dín in kù. Kò dín in.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22
Mo fi aṣọ wé e, mo gbé e lọ sí Mafoluku. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún Bàámi látòkèdélẹ̀. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n tú aṣọ ara ẹ̀, wọ́n ń fi àtàǹpàkò ra á bọ̀ láti òkè, títí wọ́n fi kan ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n dúró níbẹ̀.

"Ó ti di ti ọjà," ni wọ́n wí.

Wọ́n wé e padà, wọ́n nà án sí mi pé kí n máa tà á lọ.