Ó Ṣì Ń Pe Àwọn Ọmọ Rẹ̀

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìrọ̀lẹ́

Ìyá àgbẹ̀ kan láti Ojoku ló gbé ọmọ ológbò tó kẹ́yìn lọ lónìí. Eku ń ba iṣu wọn jẹ́. Ó ní, "Tíṣà, ẹ fọkàn balẹ̀, a ó tọ́jú ẹ̀." Èmi náà ni mo wá ilé ọ̀hún fún un. Kí ló wá dé tí…

Ìyá ológbò náà, tí mo gbé nídìí rélùwéè nínú òjò, tòun toyún, ti wá a dé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ń ké ṣáá.

Ọkọ mi ní, "Ológbò ni, yóò gbàgbé."

Mi ò lè jẹun.

Lẹ́ẹ̀kan yìí, ìyá ológbò náà pa alángbá kan, ó gbé e síwájú páálí tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn sí, ó wá rọra ń pè wọ́n kí wọ́n wá jẹun. Ó ṣì jókòó síbẹ̀. Kò fẹnu kàn án.