Màmíwọ́tà Tó Lé Ìyàwó Mi Nílé

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́, mo sì bẹ Ọlọ́run pé kí lẹ́tà yìí bá ẹ̀yin àti gbogbo ará ilé nínú àlàáfíà. Ní tèmi, ara le, ṣùgbọ́n ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Àbúrò yín tó sá wá bá yín ni mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ bá mi dá padà.

Ó ṣeé ṣe kó ti sọ fún yín pé mo ní àlè. Irọ́ ni. Ara ògiri ni àlè náà wà. Onídìrí tó wà ní ìkòríta ló ní kí n ya Màmíwọ́tà sára ṣọ́ọ̀bù òun: obìnrin inú ibú tó máa ń jókòó lórí àpáta, tó ń ya irun, tí ọkùnrin bá ti rí i, á tẹ̀ lé e wọ omi láì bọ́ bàtà. Mo yà á, ó rẹwà débi pé ẹnì kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ wò ó títí, ó forí sọ òpó iná.

Àbúrò yín dé, ó fọwọ́ sí ìbàdí. "Ta ni obìnrin yìí?" Mo ní kì í ṣe ẹnì kankan. "Ẹni tí kì í ṣe ẹnì kankan ló ń ṣẹ́jú sí ẹ báyìí?" Ẹ̀rù bà mí, mo jẹ́wọ́ pé, "Ìwọ ni." Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ! "Èmi? Èmi ni mò ń fa ọkùnrin wọ odò? Èmi ni mo nírù ẹja?" Kí n tó sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, ó ti palẹ̀ ẹrù mọ́.

Òótọ́ tí kò dúró gbọ́ ni pé ọwọ́ mi kò mọ ojú mìíràn. Nọ́ọ̀sì tí mo yà sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, òun ni. Obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín lára pátákó oníbúrẹ́dì, òun náà ni. Ọ̀gá bíríkìlà ní kí n ya òun fúnra òun. Ojú àbúrò yín ló tún jáde; irùngbọ̀n nìkan ló gba ọ̀gá náà là. Láti ọjọ́ tí mo ti rí i lẹ́nu ọ̀nà yín ni mo ti tẹ̀ lé e wọ omi, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi títí di òní. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an.

Bó bá fẹ́, màá fi ọ̀dà funfun pa obìnrin náà rẹ́, bí onídìrí tilẹ̀ máa fi ìyarun lé mi káàkiri àdúgbò. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Obìnrin orí ògiri kò ní da ilé yín rú láéláé.

Èmi ni ọkọ àbúrò yín, tí ojú ń pọ́n,
Ayàwòrán

Àfikún: Àbúrò yín ti dé o. Ó ní bàtà tí òun gbàgbé lòun wá mú. Ó rí lẹ́tà yìí lórí tábìlì, ó kà á, ó jókòó. Nígbà tó yá, ó ní imú òun kò fẹ̀ tó ti ara ògiri yẹn, kí n lọ tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú. Orí àkàbà ni mo ti ń kọ èyí. Òun ló di àkàbà náà mú.