Awò Ọdẹ fún Àbúrò Rẹ

Ọmọ mi, ara wa le. Bá mi kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Bàbá yín ṣì ń bá orúnkún rẹ̀ jà. Ikọ́ tèmi ti lọ.

Àbúrò rẹ fẹ́ awò tí ọdẹ fi ń wo òkèèrè. Má náwó nára, àlòkù náà tó. Èyí tó ń ríran kedere nírọ̀lẹ́ ni kó o rà, kó má baà ṣi nǹkan mú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilẹ̀ ti ń ṣú, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú igbó, mò ń ṣa igi. Àbúrò rẹ rò pé ẹtu ni mí. Ó ti na ìbọn sí mi kí n tó wúkọ́. "Ìyá mi, ẹtu kì í wúkọ́," ló ń wí ṣáá títí a fi délé.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ. Tètè fi ránṣẹ́. Ikọ́ ti lọ lóòótọ́, àmọ́ kí n tó wọ yàrá àbúrò rẹ, mo ṣì máa ń wúkọ́.