Orúkọ Yín Lára Ìwé Àlọ́

Douala, oṣù kẹfà, 1991

Bàbá mi,

Ara mi le, mo sì ń jẹun yó. Mo fi ìwé àlọ́ yín yangàn fún ọ̀gá mi, Àlàájì Àfísù, tó ni ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì. Ló bá ní kí n ṣe igba ẹ̀dà, kí n yọ orúkọ yín kúrò.

Mo ní, "Ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá mi."

"Ṣé bàbá ẹ ló bí ìjàpá ni?"

"Rárá, àmọ́ òun ló fi ọdún mẹ́rin kọ ìwé yìí."

Ó ti káàdì ìgbélùú mi mọ́ àpótí títí n ó fi ṣe é. N kò ní ṣe é. Ọlọ́pàá tó ń béèrè káàdì pọ̀ níta, nítorí náà inú ṣọ́ọ̀bù ni mò ń gbé. Ibẹ̀ tù mí lára.

Ìwé kejì tí ẹ ń kọ, ẹ má tíì fi ránṣẹ́. Ẹ kí Màmá. Ẹ sọ fún àbúrò mi Sẹ̀kínát pé orúkọ yín ṣì wà lára ìwé tí mo fi ń ṣe ìrọ̀rí.

Ọmọ yín,
Abdulbaqi